Ọkọ̀ Amsterdam gba èèyàn 12, àwa sì jẹ́ 14. Ẹ gbà mí o!

Àbúrò Croydon
Ẹ̀yin àǹtí àti ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Holland, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ gbé Màámi wọ ọkọ̀ ojú omi ní Amsterdam, ọdún 70 ni wọ́n pé. Àwa nìkan la gba ọkọ̀ náà, wákàtí méjì, pẹ̀lú ẹni tó máa júwe ìlú fún wa. Mo ti san gbogbo owó. Àárọ̀ yìí ni wọ́n wá kọ̀wé pé èèyàn 12 péré ni ọkọ̀ náà gbà. Àwa 14 là ń bọ̀. Ọmọdé méjì wà nínú wa, ọ̀kan ò tíì pé ọdún kan. Físà ti jáde, aṣọ ẹbí ti délé, ẹran adìyẹ ti wà nínú fírísà. Tá a bá débẹ̀, ṣé wọ́n á gbà wá? Orúnkún ń dun Màámi, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ yẹn. Ṣé owó mi ṣì lè padà wá? Mi ò rí oorun sùn.

Ìyá Ìbejì, Almere
Wọn ò ní gbà yín, àbúrò mi. Má tan ara rẹ jẹ. Kì í ṣe pé àga ò tó, òfin ni. Ọkọ̀ tó bá ti gbé ju èrò 12 lọ, ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ èrò ńlá ló gbọ́dọ̀ ní, èyí tí ọkọ̀ kéékèèké ò ní. Atukọ̀ ò sí nínú 12 yẹn. Ọmọ ọwọ́ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Rotterdam
Ọmọ ọwọ́ kẹ̀? Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, àga ta ló gbà? Àwọn ọmọdé ò yẹ kó sí nínú ìṣirò.

Ìyá Ìbejì, Almere
Ẹ̀gbọ́n, owó odidi ọkọ̀ kan ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Àgbà 12, ọmọ méjì. Létí èbúté ni wọ́n ti dá wa dúró, wọn ò sì dá kọ́bọ̀ padà. Orí ni wọ́n ń kà. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, orí ni wọ́n máa wá nínú omi, wọn ò ní wá àga.

Ẹ̀gbọ́n Rotterdam
Àwọn tó gba owó yín ló jẹ̀bi. Kí wọ́n tó gba káàdì ló yẹ kí wọ́n béèrè iye ọmọ.

Àǹtí Bijlmer
Wọ́n béèrè. Ibi tí wọ́n kọ "personen" (iye èèyàn) sí lórí fọ́ọ̀mù, àwọn èèyàn wa máa ń kọ iye àgbà síbẹ̀, wọ́n á ní ọmọdé ò kan ibẹ̀. Ibi tí àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀bi tó ti kọjá sílẹ̀, ọjọ́ ti sún mọ́.

Àbúrò, má fi ímeèlì dá wọn lóhùn, pe fóònù. Sọ fún wọn pé: "Wij zijn met 14 personen, inclusief een baby." (Àwa 14 ni, ọmọ ọwọ́ kan wà nínú wa.) Lẹ́yìn náà, béèrè bóyá wọ́n ní ọkọ̀ tó tóbi ju ìyẹn lọ tó sì ní ìwé fún ju èèyàn 12. Àwọn ọkọ̀ onígi àtijọ́ tó ní òrùlé ni mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ wọn ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, èyí sì ṣe pàtàkì fún Màámi, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tí kò lórùlé ò ní in. Bí kò bá sí, kí wọ́n fi ọkọ̀ kejì kún un, méje méje, kí ọ̀kan máa tẹ̀ lé èkejì. Bí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, kí ọkọ̀ kan náà lọ ẹ̀ẹ̀mejì, wákàtí kan kan, owó wákàtí méjì yín náà ni. Ohun kan wà tí wọn ò ní sọ tẹ́ ò bá béèrè: bí ẹni tó ń júwe ìlú bá yàtọ̀ sí atukọ̀, ṣé ó wà nínú 12 àbí kò sí? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n Rotterdam
Tàbí kẹ́ ẹ yá ọkọ̀ méjì tí wọ́n ń wà fúnra ẹni. Kò nílò láísẹ́ńsì rárá bí ọkọ̀ ò bá gùn tó mítà 15 tí kò sì lè sáré tó kìlómítà 20 ní wákàtí kan.

Ìyá Ìbejì, Almere
Ẹ̀gbọ́n! Sátidé? Nígbà tí gbogbo Amsterdam wà lórí omi? Apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà, ọkọ̀ èrò ńlá kì í yà fún ẹnikẹ́ni, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ àyálò dé IJ, omi ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, òfin ò sì gbà kí ẹni tó ń wakọ̀ mutí ju ìwọ̀n. Ọjọ́ ìbí ìyá wọn ni wọ́n ń lọ ṣe o.

Àbúrò Croydon
Ẹ ṣé gan-an, mà. Wọ́n ní tí aago mẹ́sàn-án bá lù lọ́la ni wọ́n tó máa gbé fóònù. Ọ̀rọ̀ orúnkún ńkọ́?

Àǹtí Bijlmer
Béèrè ibi tẹ́ ẹ ti máa wọkọ̀, má gbà kí wọ́n wulẹ̀ dárúkọ òpópónà. Èbúté tó léfòó ló dára fún Màámi, torí pákó rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ga jura. Bó bá jẹ́ etí ògiri òkúta ni, àlàfo ibẹ̀ lè jìn. Kí wọ́n fi iye sẹ̀ǹtímítà ránṣẹ́. Omi Amsterdam kì í kún kó fà bíi ti òkun, nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ òdiwọ̀n NAP (ìlà tí wọ́n fi ń wọn gíga omi ní Holland) ni wọ́n ń ṣọ́ ọ sí, nítorí náà iye tí wọ́n bá sọ lónìí kò ní yí padà tó bá di Sátidé. Ẹni tó bá ní òun ò lè sọ ọ́, kò tíì lọ wò ó ni.

Bí Màámi ṣe máa wọlé rèé. Kí atukọ̀ ti wà nínú ọkọ̀ kó tó na apá. Kí Màámi di apá rẹ̀ mú lókè ọrùn ọwọ́, kì í ṣe ìka, torí ìka máa ń yọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dùn jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kó sì tẹ àárín ọkọ̀. Ẹni tó bá tẹ ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ á fì sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rù á sì ba orúnkún tó ń dùn. Kó jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ẹlòmíràn tó wọlé. Ẹ mú àpótí kékeré kan dání, ó wúlò gan-an.

Onígèlè Den Haag
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ. Ẹ má wé gèlè gogoro. Afárá ibẹ̀ lọ sílẹ̀, àwọn kan wà tí atukọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń tẹrí ba fún. Gèlè tó rọra sùn sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wé, kẹ́ ẹ fi píìnì mẹ́rin dè é, torí abẹ́ afárá ni atẹ́gùn ti máa ń pọ̀. Ìborùn, ẹ so ó mọ́ ìdí, bó bá bọ́ sómi ó ti lọ nìyẹn. Kí àwọn ọkùnrin ká apá agbádá wọn sí èjìká kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Irin tí wọ́n ń so okùn mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ máa ń fa apá agbádá mú nígbà tí ẹsẹ̀ kan wà lórí òkúta tí èkejì sì wà nínú ọkọ̀. Ibẹ̀ gan-an lèèyàn ti ń ṣubú. Bàtà gogoro, ẹ fi sílé.

Ọmọ Ìkòròdú, Birmingham
Orin ńkọ́? Ọjọ́ ìbí láìsí orin?

Ìyá Ìbejì, Almere
Kò sí súpíkà. Ohunkóhun tó ń gbé ohùn ga, ìlú ti fòfin dè é lórí kánáàlì. Àwọn èèyàn ń gbé inú ọkọ̀ létí omi, fèrèsé wọn bá ojú omi dọ́gba.

Ọmọ Ìkòròdú, Birmingham
Gángan kì í lo iná mànàmáná o, mà.

Ìyá Ìbejì, Almere
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n atukọ̀ ló láṣẹ. Iná bátìrì ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ibẹ̀ báyìí, kì í dún rárá. Láti oṣù kẹrin 2025, ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń rú èéfín ò gbọ́dọ̀ wọ àárín ìlú mọ́. Bí gángan bá dún nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, òpópónà mẹ́ta á gbọ́. Ẹ béèrè ṣáájú, kẹ́ ẹ sì lù ú nígbà tẹ́ ẹ bá jáde sí odò Amstel, níbi tí omi ti fẹ̀.

Àǹtí Bijlmer
Àbúrò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ẹran adìyẹ tó o ní ó wà ní fírísà. Ṣé láti Croydon lo fẹ́ gbé e?

Àbúrò Croydon
Bẹ́ẹ̀ ni mà. Adìyẹ mẹ́fà. Wàrà àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀.

Àǹtí Bijlmer
Háà! Má gbé ẹran o! Látìgbà tí Britain ti kúrò ní EU, ẹran àti wàrà láti Britain ò gbọ́dọ̀ wọ ibí nínú ẹrù èrò, bó ti wù kó kéré tó, bóo sì ti sè é tán. Oúnjẹ ọmọ ọwọ́ inú agolo ni wọ́n fàyè díẹ̀ sílẹ̀ fún. Ẹja ni wọ́n gbà, tí kò bá ti ju kìlò 20 lọ. Gbé ẹja díndín, kó o ra adìyẹ ní Bijlmer níbí, ní Amsterdam. Gbogbo ohun èlò ọbẹ̀ wà, èlùbọ́ pàápàá. Kí ìrẹsì wà nínú kúlà tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ béèrè bóyá ẹ máa sanwó torí pé ẹ gbé oúnjẹ tiyín wá. Wọn kì í fẹ́ iná nínú ọkọ̀, nítorí náà ẹ má gbé àbẹ́là kéèkì wá.

Ẹ̀gbọ́n Rotterdam
Ọ̀nà ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì. Kìlómítà 6 ní wákàtí ni òfin fàyè gbà nínú àwọn kánáàlì yẹn. Wákàtí méjì, kìlómítà 12 ni, ìdúró ò tíì sí níbẹ̀. Ẹ má ní kí wọ́n gbé yín dé ibi gbogbo. Ẹ sọ fún atukọ̀ kó gba kánáàlì Herengracht, kó dúró ní ẹnu Reguliersgracht kẹ́ ẹ wo afárá méje tó tò tẹ̀ léra, kó jáde sí Amstel lábẹ́ afárá Magere Brug, kó wá gba Prinsengracht padà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Westerkerk. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kékeré, ẹ ní kó wọ Bloemgracht tàbí Egelantiersgracht, ọkọ̀ ńlá kì í débẹ̀.

Àǹtí Bijlmer
Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé èyí tó kàn wá jù. Kí ó rọra ní Herengracht 502. Ilé olórí ìlú ni lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún ní 1672, Paulus Godin, ọ̀kan nínú àwọn olùdarí West-Indische Compagnie, ilé iṣẹ́ òwò òkun àwọn Dutch, ni, òwò ẹrú ló sì ń ṣe. Òkúta ìrántí wà níwájú ilé náà. Lẹ́yìn náà kó gbà yín kọjá lẹ́bàá West-Indisch Huis, ilé tí ilé iṣẹ́ náà lò. Ọ̀pọ̀ wọn á júwe ẹwà òkè ilé àti ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa ẹrù sókè, wọn ò ní sọ ibi tí owó ti wá. Etíkun tiwa wà nínú rẹ̀, Ouidah àti agbègbè rẹ̀, àwọn tí wọ́n kó lọ sí Suriname àti Curaçao. Ní July 1, 2021, olórí ìlú Femke Halsema tọrọ àforíjì ní orúkọ Amsterdam. Jẹ́ kí Màámi gbọ́ ọ, inú omi náà gan-an ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Bọ̀dá Padova
Mo ń ka gbogbo èyí, ó ń yà mí lẹ́nu pé ẹ ò lọ sí Venice. Omi òkun gidi ló wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìkòròdú, Birmingham
Máìlì 35 ni kánáàlì wa ní Birmingham, ti Venice jẹ́ 26! Ẹ lọ béèrè ní Gas Street Basin.

Bọ̀dá Padova
Gígùn nìkan lẹ ní. Ta ló ń fi ìyàwó tuntun wọ ọkọ̀ lọ sí Birmingham?

Ìyá Ìbejì, Almere
Bọ̀dá, gondola yín gba èèyàn márùn-ún péré, €90 fún ìṣẹ́jú 30, €110 fún 35 lẹ́yìn aago méje ìrọ̀lẹ́. Èèyàn 14, ọkọ̀ mẹ́ta, €270, atukọ̀ yín kì í sì í júwe ìlú. Tí omi bá sì kún, àtẹ̀gùn á rì mọ́lẹ̀. Orúnkún Màámi ò lè bá ìyẹn jà.

Ọmọ Ìkòròdú, Birmingham
Ní tiwa, wọn kì í sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí, ilẹ̀kùn omi (lock) 13 ló tò lé ara wọn ní Farmer's Bridge, ọwọ́ ara ẹni lèèyàn fi ń ṣí wọn. Iṣẹ́ ọkùnrin ni!

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston
Gbogbo yín ń jà lórí kánáàlì. Èmi, omi ọ̀sà ló ń wù mí. Kí atukọ̀ fi àjẹ̀ ti ọkọ̀ kúrò ní èbúté láàárọ̀ kùtù, kí èéfín ẹja yíyan ti máa fẹ́ wá láti Makoko.

Ọmọ Ìkòròdú, Birmingham
Tàbí ọkọ̀ Ìkòròdú sí CMS. Jákẹ́ẹ̀tì ààbò aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn, omi ń ta sójú, ìyá kan ń ta gúgúrú kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ìyá Ìbejì, Almere
Ganvié lèmi ń rò, abúlé orí omi Nokoué ní Benin. Àwọn ìyá ibẹ̀ ń ná ọjà láti inú ọkọ̀ sí ọkọ̀, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn wọn, kò sẹ́ni tó ka orí ọmọ.

Àbúrò Croydon
Ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ti kọ ti orúnkún àti ti ẹran sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá ní ọkọ̀ ńlá, tí kò sì sí ọkọ̀ kejì, ṣé wọ́n á dá owó mi padà?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston
Àbúrò, ẹja wo lẹ fẹ́ dín? Bó bá jẹ́ pé mo lè rí ọ̀bọ̀kún tútù láti ọjà Ẹ̀pẹ́ báyìí, èyí tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán…

Bọ̀dá Padova
Ọ̀bọ̀kún! Pẹ̀lú ata rodo àti ẹ̀bà gbígbóná. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí i ní Italy?