Àbọ̀ ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń fa eruku: a ti ra ọ̀kan

Ẹ ṣeun gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè irú ẹ̀rọ tó yẹ ilé wa ní Kàbà, níbi tí ológbò méjì wà, tí ọmọ wa obìnrin sì ń sín ṣáá láràárọ̀.

Èyí tó ní àpò nínú ni a rà, torí pé eruku máa ń tú padà sójú ẹni tó bá ń da ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ tí kò ní àpò nù. Asẹ́ HEPA ló ní, irú èyí tó yẹ kó dá ó kéré tán 99.97 nínú 100 ẹ̀rún eruku tó kéré tó 0.3 máíkírọ́ọ̀nù (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ kan rọ́bà etí ìdérí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí kò bá dì pinpin, afẹ́fẹ́ eléruku á gba ẹ̀gbẹ́ jáde, asẹ́ náà kò sì ní wúlò.

Irun nìkan kọ́ ni ọ̀ràn náà. Èròjà inú itọ́ àti awọ ológbò ló ń fa sísín, ó sì máa ń gbẹ mọ́ irun bí ológbò ṣe ń lá ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń yí fi ṣe pàtàkì sí mi ju agbára mọ́tò lọ: ó fa irun tó ti wọ inú ojú rírán àga jáde, èyí tí ìgbálẹ̀ kì í kàn.

Sísín ọmọ náà ti dín kù gan-an, àmọ́ ó lè má jẹ́ ẹ̀rọ náà nìkan ló fà á, torí pé a kò jẹ́ kí ológbò wọ yàrá rẹ̀ mọ́. Ọyẹ́ ń bọ̀, mo sì ti ra àpò míràn sílẹ̀.