Ṣé kí n máa fún màmá mi ní mọ́fíìn nígbà tí ìrora kò tíì le?

Àbíkẹ́yìn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Jẹjẹrẹ ọmú tó ń bá màmá mi jà ti wọ eegun ìbàdí wọn. Dókítà kọ mọ́fíìn olómi, oògùn ìrora tó lágbára, fún wọn, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ṣùgbọ́n Màmá kì í gbà á àfi tí wọ́n bá ti ń fi eyín di aṣọ ìbora mú. Wọ́n ní táwọn bá ń mu ún lemọ́lemọ́, kò ní ràn mọ́ lọ́jọ́ tó bá le gan-an. Àbúrò wọn tún ní oògùn ẹni tó ń kú lọ ni, pé yóò di bárakú. Aago mẹ́ta òru àná, èmi àti Màmá la jọ ń sunkún.

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Nọ́ọ̀sì ni mí, ohun tí ẹ sọ yìí ni mo sì máa ń rí jù. Aago ni kí ẹ máa wò, ẹ má dúró de ìrora. Agbára mọ́fíìn olómi kì í ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ. Tí ìrora bá ti gorí, ìwọ̀n tí ì bá ká a tẹ́lẹ̀ kò ní ká a mọ́. Láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí a máa lò ó bí aago bá ṣe lù. Tí ìrora bá yọjú kí àkókò tó pé, ẹ bi dókítà nípa ìwọ̀n àfikún. Tó bá sì ń pọ̀ sí i, dókítà lè fi kún un, nítorí náà kí Màmá má ṣe tọ́jú oògùn pa mọ́ de ọ̀la. Oògùn náà lè mọ́ ara lára, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dá a dúró lójijì, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni bárakú.

Ọmọ Bàbá
Ẹ gba oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ lọ́jọ́ kan náà! Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Ọjọ́ kẹfà, ikùn bàbá mi ti le bí ìlù, wọ́n sì ní àwọn ò mu mọ́fíìn mọ́ nítorí ẹ̀. Èébì àti oorun máa ń lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àìlèyàgbẹ́ kì í lọ. A tún ń kọ ọ́ sínú ìwé: aago, ìwọ̀n, àti ìrora láti 0 dé 10. Ìwé yẹn ni dókítà wò tó fi yí ìwọ̀n padà.

Ìyá Ìbejì
Òótọ́ ni. Ẹ béèrè nípa ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy) pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀kan péré lè dín ìrora eegun kù. Tí ẹsẹ̀ Màmá bá ń rọ, tàbí tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Tí wọn kò bá ṣeé jí, tí èémí sì ń falẹ̀, ẹ má fún wọn ní òmíràn, ẹ wá ìrànlọ́wọ́ kíákíá.

Àbíkẹ́yìn
Ọjọ́ kẹta rèé. Dókítà ti kọ oògùn ìgbẹ́ náà. Aago méjì òru àná, mo jí Màmá, wọ́n gbé mọ́fíìn mì, wọ́n sì padà sùn. Àbúrò wọn ló ń ṣọ́ aago báyìí.