Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Akínwùmí: a ti sọmọ lórúkọ o

Èmi ni mo bèèrè níjọ́sí pé Akínwùmí wù mí sọ ọmọ mi ọkùnrin àmọ́ mi ò fẹ́ kí wọ́n máa gé e sí Wùmí, torí gbogbo Wùmí tá a jọ ṣe kíláàsì, obìnrin ni wọ́n. A sọ ọ́ lórúkọ ọjọ́ kẹjọ, l'Ákùúrẹ́ níbí, Akínwùmí náà la sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká máa pè é ní Akin, ìyẹn ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni. Ṣé ẹ mọ ọ̀dọ̀ tiwa níbí, Akin pọ̀ ju yẹ̀pẹ̀ lọ. Àbúrò ọkọ mi Akin, lándílọ́ọ̀dù Akin, ọjọ́ tí mo ké sí ọkọ mi pé "Akin ti yàgbẹ́ sára o", lándílọ́ọ̀dù ló dáhùn látìta.

Oríkì ló gbà mí. Ìyá ọkọ mi fún un ní Àjàní (a sì jà lóòótọ́ ká tó ní i, ọdún mẹ́rin gbáko), mo wá ń pè é bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo àlejò kí wọ́n tó ráyè gé nǹkankan, mo tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ike tá a pín níjọ́ ìsọmọlórúkọ. Kó tó pé oṣù kan, gbogbo àdúgbò ti gbé e.

Ó ku nọ́ọ̀sì ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára, "bèbí Wùmí" ló ṣì ń pè é, mo máa bá a sọ ọ́. Ó tún wá ku bàbá mi. Bàbá á fà á gùn, "Wùùùmí", ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Mo ti gbà fún bàbá nìkan. Ẹ ṣé o.