Ariwo bo AM mọ́lẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè (Ẹ̀pẹ́): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Lọ́sàn-án, ariwo lásán ni ìkànnì AM ń ṣe lórí rédíò mi níbí. Tó bá dalẹ́, ohùn ilẹ̀ òkèèrè á wọlé. Kí ló fà á? Ṣé AM ṣì lọ́jọ́ ọ̀la?

Ìdáhùn (Ìkòròdú): Oòrùn ni. Lọ́sàn-án, ó máa ń dá ìpele kan sílẹ̀ lófuurufú tó ń gbé ìgbì AM mì. Tílẹ̀ bá ṣú, ìpele yẹn á pòórá, ìgbì á kọ lu èyí tó wà lókè rẹ̀, á sì já sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ní ti ariwo, ẹ fi bátìrì tan rédíò, ẹ pa gbogbo iná ilé àti inverter, kẹ́ ẹ wá máa tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú àti gílóòbù LED ló sábà ń jẹ̀bi. Ẹ má wulẹ̀ fa irin gígùn ara rédíò yẹn, FM ló wà fún. Ọ̀pá dúdú inú rédíò ló ń gba AM. Rédíò gan-an ni kẹ́ ẹ máa yí.

Ìdáhùn (Àgbádárìgì): Òótọ́ ni. Tí kò bá tó, ẹ ṣe eriali tó máa ran rédíò lọ́wọ́: ẹ kan férémù igi onígun mẹ́rin, 60 cm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ yí wáyà tín-ín-rín mọ́ ọn nígbà 14, kí àlàfo 6 mm wà láàárín wọn. Ẹ so ẹnu wáyà méjèèjì mọ́ kapásítọ̀ oníyíyí 365 pF (èlò tí ẹ ó máa yí láti fi wá ìkànnì). Ẹ gbé rédíò sí tòsí rẹ̀, ẹ kò ní so wọ́n pọ̀.

Ìkòròdú: Ní ti ọjọ́ ọ̀la, owó ni ìṣòro. Ìgbì 1000 kHz gùn ní 300 m, òpó tó bá a mu á tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn 75 m, pẹ̀lú wáyà bàbà lábẹ́ ilẹ̀. Ìgbì FM ò ju nǹkan bíi 3 m lọ, òpó gíga bẹ́ẹ̀ kò pọn dandan fún un. Síbẹ̀, òpó AM kan ṣoṣo lè dé abúlé tí FM ò dé. Ó dùn mí pé a ń jẹ́ kó kú.