Ṣé agbára Gandalf àti ti Sauron dọ́gba ni? Ẹ bá wa dá sí i

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Àríyànjiyàn yìí ti fẹ́ dìjà láàárín èmi àti àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Tákié, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí Gandalf (oṣó rere), Sauron (olórí àwọn ẹni ibi) àti Balrog (ẹ̀mí èṣù oníná) ti jọ jẹ́ Maia (irú ẹ̀mí alágbára kan) nínú ìtàn àròsọ Tolkien, òǹkọ̀wé The Lord of the Rings, agbára wọn dọ́gba. Mo ní irọ́ ni, ìka ò dọ́gba. Gandalf pa Balrog lóòótọ́, àmọ́ òun náà kú kí wọ́n tó dá a padà sáyé.

Ibi tó ti wá rú mi lójú rèé: Glorfindel, jagunjagun kan nínú ìtàn náà, kì í ṣe Maia rárá, Elf ni (ẹ̀yà tó dà bí ènìyàn àmọ́ tí ogbó kì í pa), síbẹ̀ ó pa Balrog mìíràn nígbà tí wọ́n ń sá kúrò ní ìlú Gondolin (òun náà bá a kú o). Báwo ló ṣe rí i ṣe? Àbúrò mi ní ṣebí ọdẹ ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá náà, síbẹ̀ òun ló pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, tó sì gbé orí rẹ̀ lọ bá Aláàfin. Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́nu mọ́ díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí la fi ń wọn agbára wọn gan-an? Ẹ tètè dáhùn o, súyà la fi ta tẹ́tẹ́.