Òwìwí ń ké lórí àjà ilé wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Òwìwí kan ti fi àjà ilé wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ṣe ibùgbé. Ojú rẹ̀ funfun báláú, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú ni igbe rẹ̀ máa ń gba àdúgbò kan. Ara màmá mi ò yá, làwọn aládùúgbò bá ń pa á lówe sí wa létí pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Màmá ò sùn mọ́, oúnjẹ ò wọlé.

Eku ni òwìwí ń jẹ, n ò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lókò pa. Báwo ni mo ṣe lè lé e láìpa á, pàápàá bó bá ní ọmọ níbẹ̀? Ẹ̀yin àgbà Èkìtì, ǹjẹ́ ẹ mọ ilé tí òwìwí ti ké títí tí ẹnikẹ́ni ò kú? Ẹ sọ ọ́, kí n lè kà á fún Màmá.