Lórí “àfikún kálísíọ̀mù”: ẹ jẹ́ ká tún orúkọ yìí wò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi,

Mo kí yín o. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa dé ibí: ọ̀kan nínú wa ń kọ ìwé ìlànà kékeré lédè Yorùbá fún àwọn tó ń sin iyùn ààyè, ẹ̀dá omi òkun tó ń fi kálísíọ̀mù kọ́ egungun ara rẹ̀, nínú àpótí dígí. Ó fẹ́ ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè fọwọ́ ara rẹ̀ po kálísíọ̀mù olówó pọ́ọ́kú nílé, dípò kó máa ra èyí tí wọ́n ti pò sínú ìgò. Ó bèèrè ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ wa. Ẹ ti dábàá “àfikún kálísíọ̀mù” fún ohun tí à ń dà sínú omi, “líle omi” fún ohun tí kì í jẹ́ kí omi tètè kan, “omi ẹfun” fún omi láìmù (omi tí a po ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù háídírọ́kísáìdì sí), àti “gbígbẹ” fún irú iyọ̀ kan tí kò ní omi nínú. Kò sí èyí tí mo lè gbà bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì máa sọ ìdí.

“Àfikún” ló lè ṣi èèyàn lọ́nà jù. Ohun tí a bá fi kún nǹkan, kí nǹkan náà lè pọ̀ sí i ni. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé bí òun bá ṣe ń dà á tó ni iyùn yóò ṣe máa dàgbà tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nǹkan bíi mílígíráàmù 420 kálísíọ̀mù ló wà nínú lítà omi òkun kan, ibẹ̀ náà sì ni ara iyùn ti mọ́. Iṣẹ́ ẹni tó ń sìn ín ni pé kí ó dá èyí tí iyùn fà mu láti fi kọ́ egungun padà sínú omi, kó sì dúró níbẹ̀. “Ìdápadà” ni tèmi. Ẹnì kan mú “àrọ́pò” wá, ṣùgbọ́n ohun tó gba ipò ohun mìíràn là ń pè ní àrọ́pò, bí a ti mọ̀ ọ́n nínú gírámà. Kálísíọ̀mù tí a dà sínú omi kò gba ipò ohunkóhun. Ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni.

Ọ̀rọ̀ “kálísíọ̀mù” fúnra rẹ̀ tún fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́. Egungun iyùn kì í ṣe kálísíọ̀mù lásán, kálísíọ̀mù kábọ́nétì ni. Bí iyùn bá fa mílígíráàmù 20 kálísíọ̀mù nínú lítà kan, yóò fa ìdajì kejì mọ́ ọn, èyí tí ẹ ń pè ní “líle omi”, tó nǹkan bíi 2.8 lórí ìwọ̀n àwọn ará Jámánì tí àwọn aláàpótí ń lò. Ẹ wá wò ó: kálísíọ̀mù kúrò ní 420, ó di 400, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n tí ìkejì rẹ̀ bá ti 8 já sí 5.2, ọ̀rọ̀ ti di ti wàhálà. Èyí tí orúkọ náà sọ ni èyí tó ṣì pọ̀ nínú omi. Èyí tí kò sọ ló ń tán lọ. Mo ti rí ẹni tó ń da kálísíọ̀mù ṣáá tí iyùn rẹ̀ kò sì dàgbà, torí orúkọ tó wà lára ìgò ló ń tẹ̀ lé.

Kí ni ká wá pe ìkejì yìí? Nínú Yorùbá, òkúta le, iṣẹ́ le, ọtí náà le. Omi kì í le àfi tó bá dì. Ẹni tó bá ka “líle omi” nínú ìwé ìlànà lè máa wá yìnyín kiri. Ohun tí a ń wá orúkọ fún ni agbára tí omi ní láti gba ásíìdì mọ́ra kó má sì tètè kan. Kì í ṣe pH o, ẹ má jẹ́ ká da méjèèjì pọ̀: pH, ìwọ̀n tó ń fi bí nǹkan ti kan tó hàn, ń sọ ibi tí omi wà báyìí, èyí ń sọ bí yóò ti pẹ́ tó kí wọ́n tó lè tì í kúrò níbẹ̀. Àbúrò wa kan dá “apakan” sílẹ̀, ohun tó ń pa kíkan. Ó dùn létí, àmọ́ bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, “apá kan” ni gbogbo ayé yóò kà.

Èmi rò ó sí “ẹ̀rọ̀”. Ohun tó ń mú oró nǹkan rọlẹ̀ ni ẹ̀rọ̀, iṣẹ́ tí kábọ́nétì àti báíkábọ́nétì inú omi sì ń ṣe sí ásíìdì nìyẹn gẹ́lẹ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ “ẹ̀rọ̀ omi”, kí n tó rántí pé púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ (ẹ mọ ara yín). Láìsí àmì, “ẹ̀rọ omi” ni wọn yóò kà á sí, ẹ̀rọ omi sì wà nínú gbogbo àpótí iyùn, òun ló ń yí omi ká. Nítorí náà, “ẹ̀rọ̀ kíkan”. Kò sẹ́ni tó máa rò pé ẹ̀rọ kan wà tó ń kan.

Ó kan “omi ẹfun”. Ìrònú ẹni tó dá a lábàá kò burú rárá. Nígbà tí Humphry Davy yọ kálísíọ̀mù jáde nílùú Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1808, ara orúkọ tí àwọn ará Róòmù ń pe láìmù ló ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Àwọn ará Jámánì náà sọ tiwọn ní Kalkwasser, omi láìmù gan-an. Kí ló dé tí àwa kò ní fi ohun funfun tiwa pè é? Ìdí ni pé amọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ ẹfun tí a mọ̀. Alumíníọ̀mù àti sílíkọ́nì ló wà nínú amọ̀ náà, kálísíọ̀mù kò sí níbẹ̀, kò sì ní yòrò sínú omi láéláé. Ẹni tó bá ṣe ohun tí orúkọ yẹn sọ fún un yóò kàn da omi àpótí rẹ̀ rú ni.

Ẹ jẹ́ ká fi “láìmù” sílẹ̀ bó ṣe wà. Gẹ̀ẹ́sì ló ní ìṣòro, torí ó fi orúkọ kan náà pe èso. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni tiwa ń jẹ́. Láìmù yìí ló tún dára jù fún ẹni tí kò fẹ́ náwó, nítorí ó ń dá kálísíọ̀mù àti ẹ̀rọ̀ kíkan padà pọ̀ ní ìwọ̀n tí iyùn fi mú wọn, láìfi iyọ̀ mìíràn sílẹ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 1.7 ni lítà omi kan lè gbà kí ó tó yó. (“Yó” ni mo lò níbí, mo sì rò pé ó ju “kún fọ́fọ́” lọ.) pH omi náà tó 12.4, ó lè jó ojú àti awọ ara, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìwé náà sọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú kó tó sọ ohunkóhun mìíràn. Kíkán ni kí wọ́n máa kán an sínú àpótí díẹ̀díẹ̀, dípò omi tó ń gbẹ lọ. Ibẹ̀ náà ni agbára rẹ̀ mọ: iye omi tó bá gbẹ ni iye tí wọ́n lè fi sí i.

Níbi tí iyùn bá ti pọ̀ jù fún láìmù ni “gbígbẹ” ti wọlé. Ìlànà tí Randy Holmes-Farley, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé: gíráàmù 500 kálísíọ̀mù kílóráìdì nínú gálọ́ọ̀nù omi kan, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà, nǹkan bíi lítà 3.8, àti gíráàmù 594 béékìn sódà tí wọ́n ti yan nínú ààrò fún wákàtí kan, ní nǹkan bíi 150 lórí ìwọ̀n Celsius, nínú gálọ́ọ̀nù mìíràn. Kálísíọ̀mù kílóráìdì tó ní omi méjì nínú ẹ̀yà rẹ̀ ni 500 yẹn wà fún. Bí ẹ bá pe èyí tí kò lómi ní “gbígbẹ”, òǹkàwé yóò fọwọ́ kan èyí tó lómi, yóò rí i pé òun náà gbẹ táútáú, yóò sì gbà pé òun ló wà lọ́wọ́ òun. Tó bá wá jẹ́ pé èyí tí kò lómi ló wọ̀n ní gíráàmù 500, kálísíọ̀mù inú ìgò rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdámẹ́ta ju bó ti yẹ lọ. Nǹkan bíi 378 ló yẹ kó wọ̀n. Mo dábàá “olómi-inú” àti “aláìlómi-inú”. Wọn kò rẹwà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò purọ́ fún ẹni tó ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká pe sódà yíyan ní “kán-ún” ní ẹ̀rí lọ́wọ́, torí irú sódà méjèèjì, èyí tí a yan àti èyí tí a kò yan, ló pọ̀ jù nínú kán-ún. Mo ṣáà ń bẹ̀rù ẹni tí yóò lọ gbé kán-ún gan-an, tòun ti ìdọ̀tí inú rẹ̀, jù sínú àpótí. “Sódà yíyan” tó.

“Ìbejì” tí ẹ sọ ìgò méjèèjì, ti kálísíọ̀mù kílóráìdì àti ti sódà yíyan, dùn púpọ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi. Àmọ́ ìbejì kì í fi ara wọn sílẹ̀, àwọn méjì yìí kò sì gbọdọ̀ pàdé kí wọ́n tó pò mọ́ omi àpótí dáadáa. Bí èèyàn bá dà wọ́n pọ̀ lójú kan náà, ìyẹ̀fun funfun ni wọn yóò dì, iyùn kò sì ní rí nǹkan kan jẹ nínú rẹ̀. “Onígò-méjì” ni kí ó jẹ́.

Èèpo ẹyin àti ìkarahun lílọ̀ tó wà ní ojú ìwé kẹta ìwé ìlànà náà, ẹ yọ wọ́n kúrò. Omi òkun ti yó fún kálísíọ̀mù kábọ́nétì kọjá ààlà, kò lè yọ́ wọn mọ́. Fínígà lè yọ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bakitéríà ni yóò fi ìyókù rẹ̀ ṣe oúnjẹ, omi yóò sì funfun bí ẹni da wàrà sí i.

Ní ti àkọlé, mo fara mọ́ “Ìdápadà Kálísíọ̀mù àti Ẹ̀rọ̀ Kíkan”. Bí òǹkọ̀wé bá sọ pé ó gùn jù, kí ó gé “Kálísíọ̀mù” kúrò, kí ó fi èkejì sílẹ̀.